Ohun tí Màmá bi ọ̀nárébù

Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ 4, oṣù Èrèlé, 2023.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá Ìbejì àtàwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé òtútù Kánádà kò tíì fi yín sílẹ̀, nítorí náà mi ò ní fi ìkíni dá ọ dúró. Àbúrò rẹ ti sọ fún ọ lórí fóònù pé Màmá, ìyá rẹ, bá ọ̀nárébù tó ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ògùn jà níbi ìpàdé. Irọ́ ni. Wọn ò jà. Wọ́n kàn bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Mo wà níbẹ̀, torí èmi ni wọ́n ní kí n máa túmọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n pín fáwọn àgbàlagbà.

Ọjọ́rú ni ìpàdé náà. Ìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò ju ogójì ọjọ́ lọ mọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀nárébù rántí ilé. Bó bá jẹ́ tàtijọ́ ni, àpò owó ni ì bá ṣáájú ẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n owó náírà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ láti fi rọ́pò ti àtijọ́ ò sí níbì kankan, báǹkì ò ní, àwọn tó ń ṣe POS sì ń bu owó gọbọi kí wọ́n tó fún èèyàn ní ẹgbẹ̀rún kan. Olúkúlùkù ń sáré kó owó àtijọ́ lọ sí báǹkì kí ọjọ́ 10 oṣù yìí tó pé. Nígbà tí kò sówó tó máa pín, ó di dandan kó sọ̀rọ̀. Tèmi ni pé ire kan tí ọ̀wọ́n náírà ṣe wá nìyẹn.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní àbádòfin 44 ni wọ́n kó wá láti Àbújá lóṣù Ẹrẹ́nà ọdún tó kọjá láti fi tún ìwé òfin Nàìjíríà ṣe, àti pé ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó lè dé ọ̀dọ̀ ààrẹ. Ògùn wà nínú àwọn 11 tó kọ́kọ́ dìbò lé e lórí. Ní báyìí, 35 nínú àbádòfin 44 náà ti rí ìtìlẹ́yìn tó tó. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó máa jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè fúnra wọn ṣe iná mọ̀nàmọ́ná, kí wọ́n sì pín in, kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ dé. Òmíràn á jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè ṣe ọ̀nà rélùwéè tirẹ̀. Ibẹ̀ làwọn ọ̀dọ́ ti pàtẹ́wọ́, torí Ládérìn ni rélùwéè tuntun já wọn sí, wọ́n á sì tún wá ọkọ̀ míì kí wọ́n tó dé Kútọ̀.

Bàbá oníṣẹ̀ṣe kan dìde lórí òfin ìpínlẹ̀ Ògùn ọdún 2021 tó ní a lè sin ọba ní ìlànà ẹ̀sìn rẹ̀. O mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe gbóná, pàápàá bí Awùjalẹ̀ ṣe wà lẹ́yìn ẹ̀. Bàbá ní ẹni tó bá ti gorí oyè ti kúrò lọ́mọ ẹbí, ó ti di ti ìlú. Ọ̀nárébù fèsì títí. A fi í síbẹ̀.

Ó wá kan ti káńsù. Bí ó ti wà báyìí, owó tó ń bọ̀ láti Àbújá fún ìjọba ìbílẹ̀ ń kọ́kọ́ wọ àpò àjọni kan tí ìpínlẹ̀ ń bójú tó. Àbádòfin kan fẹ́ kí káńsù máa gba tirẹ̀ tààrà, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó fọwọ́ sí i kò pé 24. Màmá, tí gọ́tà tó dí ń yọ lẹ́nu, dìde.

“Ọ̀nárébù, ẹ kú iṣẹ́. Nígbà tó kan ti káńsù yẹn, kí lẹ sọ?”

“Màmá, a jíròrò lé e lórí dáadáa.”

“Mo gbọ́. Ẹ̀yin ńkọ́?”

“A wò ó síwá, a wò ó sẹ́yìn…”

O mọ ìyá rẹ. Kí n tó ṣẹ́jú, “ẹ” ti di “o” lẹ́nu wọn. “Mi ò bi ‘a’. ‘A’ kọ́ ló wá tọrọ ìbò lẹ́nu ọ̀nà mi, ìwọ ni. Kí ni ìwọ sọ?”

Ó ṣàlàyé pé ohùn ni wọ́n fi ń dìbò, pé abẹnugan á béèrè, gbogbo ilé á pariwo, wọ́n á lu òòlù, kò sẹ́ni tó ń kọ orúkọ sílẹ̀. Ni Màmá bá tú etí ìró wọn, wọ́n yọ káàdì àjọ wọn jáde nínú ọ̀rá, káàdì tí etí ẹ̀ ti ká tán. Wọ́n nà án sókè.

“Wò ó. Ọjọ́ tí mo dá, wọ́n fàlà sí i. Ọjọ́ tí mi ò dá, ó ṣófo. Bí alájọ bá wí fún mi lópin oṣù pé ‘a dá a’, ṣé kí n gbà?”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀nárébù ṣí fìlà, ó họ orí, ó tún un dé. Ó rọ ohùn sílẹ̀. “Màmá, mo dákẹ́ ni.”

“O ò dá a lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.” Wọ́n ká káàdì wọn, wọ́n jókòó.

Ìjà tí àbúrò rẹ sọ nìyẹn. Èmi ṣàánú ọkùnrin náà díẹ̀. Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú ilé yẹn, ẹni tó bá dá ohùn rẹ̀ yàtọ̀ á gbọ́ ìdáhùn ẹ̀ lọ́jọ́ míì. Àti pé ó jẹ́wọ́. Mélòó nínú wọn ló máa jẹ́wọ́? Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá nígbà tí mo ń sìn wọ́n lọ sílé. Wọ́n ní bí dídákẹ́ bá jẹ́ iṣẹ́, ẹnikẹ́ni lè ṣe é, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ọ̀nárébù.

Owó tí o fi ránṣẹ́ ti wọ àkáǹtì Màmá, àmọ́ a ò tíì rí i gbà jáde. Mo ti bá wọn fi tiránsífà ra ìrẹsì àti òróró. Alájọ wọn nìkan ni kò gba tiránsífà, ọjọ́ mẹ́ta ló ti ṣófo nínú káàdì náà báyìí. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀nárébù gbọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Tíṣà.