Àtẹ̀gùn káńsù àti ilẹ̀kùn báńkì ń dá wa padà sílé

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ àwa tí jàǹbá ọkọ̀ ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, tí Ọlọ́run sì kó yọ, ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé síta. Nígbà tí a wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tẹbí tará ló ń wá wò wá. Tí a bá ti délé, wọ́n á ní "ẹ kú ewu", wọ́n á sì gbà pé ó ti parí. Kò tíì parí. Ìgbà tí a bá fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ wa gan-an ni wọ́n ń tilẹ̀kùn mọ́ wa.

Aránṣọ ni mí. Ọ̀kadà tí mo gùn ló forí sọ mọ́tò, eegun itan mi ọ̀tún sì kán. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n ki irin gbọọrọ kan bọ inú eegun náà, ó sì jinná. Ṣùgbọ́n orúnkún mi ti le, kò ṣeé ká mọ́. Àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ wa bí a ṣe máa lo ẹsẹ̀ wa padà, ní tí n kò bá ń ká a lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ló máa ṣe wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ wa, ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ ló ń wa máṣíìnì. Ọkọ mi gbé tèmi wálé láti ṣọ́ọ̀bù, ó yọ bẹ́líìtì rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ má baà máa lọ sókè sódò, mo wá ń tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lásán. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo gbé lé e: tòsì ń tẹ̀ ẹ́, ó ń wọ́ tọ̀tún tẹ̀ lé ara rẹ̀. Omi á máa bọ́ lójú mi, àbígbẹ̀yìn mi á ní kí n sinmi, n kò jẹ́ gbà. Nígbà tí a dá bẹ́líìtì padà, wàhálà mìíràn dé. Bí ẹsẹ̀ ò bá lágbára, wíìlì máṣíìnì á yí sẹ́yìn, òwú á já. Ó já, ó já, ó sú mi. Ọjọ́ tí mo rán ẹ̀gbẹ́ bùbá kan láti abíyá dé ìṣẹ́tí tí òwú ò já, mo pariwo débi pé àwọn ará ilé sáré wọlé wá bá mi. Ìgbà yẹn ni mo tó gba aṣọ oníbàárà.

Ohun tó wà níkàáwọ́ mi nìyẹn, mo sì ṣe é. Àtẹ̀gùn káńsù kò sí níkàáwọ́ mi.

Mo fẹ́ sanwó ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì wọn wà. Mo rán ọmọ iṣẹ́ mi, wọ́n dá a padà, wọ́n ní ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ni kó wá fọwọ́ sí i. Ni mo bá jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń fìdí wọ́ gòkè, ọmọ iṣẹ́ mi gbé ọ̀pá méjèèjì tí mo fi ń rìn dání, mo fọwọ́ kan di ìró mi mú kó má tú lójú àwọn ọkùnrin. Àwọn tó ń sọ̀ ń kí mi pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ kò sẹ́ni tó rò ó pé kí òun gbé ìwé yẹn sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi.

Ti báńkì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káàdì ATM mi ti kú nígbà tí mo wà nílé ìwòsàn. Ilẹ̀kùn onígíláàsì tó ń gba ẹnì kan ṣoṣo yẹn, gbàrà tí mo bá ti mú ọ̀pá wọnú rẹ̀ báyìí, ó ti figbe ta. Gáàdì ní kí n kó irin sílẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ọ̀pá yẹn ni ẹsẹ̀ mi, pé irin mìíràn tún wà nínú itan mi. Ilẹ̀kùn kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n tì í pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Inú oòrùn ni mo dúró sí títí wọ́n fi rí ọ̀gá.

Bẹ́ẹ̀ òfin wà. Oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya àwọn akanda ẹ̀dá sọ́tọ̀. Ọdún 5 ni wọ́n fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ láti tún ara ṣe kí àwọn akanda ẹ̀dá lè máa rí wọn wọ̀, ó sì ti pé láti oṣù kìíní ọdún 2024. Òfin kan náà ló ní kí wọ́n máa kọ́kọ́ dá àwọn akanda ẹ̀dá lóhùn níbi tí èrò bá tò sí. Iléeṣẹ́ tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ yóò san 1,000,000 náírà. Ẹnìkan lè ní èmi kì í ṣe akanda ẹ̀dá, pé ara mi á yá. Àmín. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n bá là fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ni èmi náà máa gbà, ibẹ̀ náà ni ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn máa gbà.

Sìmẹ́ǹtì àti yanrìn ni wọ́n máa fi ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síwájú báńkì. Ti káńsù ò tiẹ̀ gba kọ́bọ̀: kí wọ́n gbé tábìlì kan àti akọ̀wé kan wá sísàlẹ̀. Kí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kejì sì wà nítòsí gáàdì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rán àwọn akọ̀ròyìn yín sáwọn káńsù àti báńkì n'Ìbàdàn níbí, kí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n ti ṣe látìgbà tí ọdún 5 yẹn ti pé, kí ẹ sì gbé èsì wọn jáde bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò bá wọn lọ, ọjọ́ Ajé dé Sátidé ni mo máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.