Ẹ má da ẹran náà nù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí jẹjẹrẹ prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, mo sì dúpẹ́ pé ẹ kò fi ìtìjú bò ó, torí ìtìjú yìí ló ń dá àwọn bàbá wa dúró sílé títí àìsàn náà fi ń wọ eegun. Ibì kan ni mo fẹ́ fi kún un. Ẹ ní abẹ́rẹ́ tó ń dín họ́mónù ọkùnrin kù, tàbí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń yọ kórópọ̀n, ebi ló fi ń pa jẹjẹrẹ náà, torí họ́mónù yẹn ló ń bọ́ ọ. Òótọ́ ni. Dókítà Charles Huggins ti fi èyí hàn ní Chicago láti 1941, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1966. Ṣùgbọ́n ebi nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ọdún 19 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹran ara wò. A ó rì í sínú ìda, a ó gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a ó pa á láró, ká tó gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Nínú aró yẹn, àwọn ọmọ ogun ara tí wọ́n ń pè ní T cell máa ń rí roboto, wọ́n dúdú bí hóró iyèré. Wọn kì í sábà pọ̀ nínú jẹjẹrẹ prostate. Àmọ́ ní 2001, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà yẹ prostate àwọn ọkùnrin tó ti lo oògùn họ́mónù ṣáájú iṣẹ́ abẹ wò. Láàárín ọjọ́ 7 sí 28, àwọn ọmọ ogun yìí ti ya wọ inú ẹran náà. Ẹ̀yà CD4, tó máa ń ran àwọn yòókù lọ́wọ́, ló pọ̀ jù. Ẹ̀yà CD8 tó ń pa sẹ́ẹ̀lì burúkú kò tó o. Ìwádìí mìíràn tún rí i pé àwọn tó ń ní kí ogun rọlẹ̀ náà wà láàárín wọn. Ìyẹn ni pé ọmọ ogun dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ló fẹ́ jà.

(Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ torí èyí dá a dúró o.)

Ẹran ta ni wọ́n ń yẹ̀ wò? Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ní 2010, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí sipuleucel-T, ìtọ́jú jẹjẹrẹ prostate tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe, kí ó lè ru àwọn ọmọ ogun ara sókè sí jẹjẹrẹ náà. Nígbà tí wọ́n wo àkọsílẹ̀ àwọn tó gbà á, tí wọ́n fi àwọn tí PSA wọn (èròjà láti inú prostate tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀) jọra wéra, àwọn aláwọ̀ dúdú pẹ́ láyé ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ó yẹ ká wádìí irú nǹkan báyìí nínú ẹran tiwa.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, tí ọkùnrin bá ti gba abẹ́rẹ́, ó di ká máà rí ẹran rẹ̀ mọ́. Tí ìtọ̀ bá wá há a, tí dókítà fi irin ha prostate náà kí ọ̀nà lè là, wọ́n ń da ẹran yẹn nù tí ẹbí kò bá rówó àyẹ̀wò san. Ti ẹ̀gbọ́n mi wà lára èyí tí wọ́n dà nù. Èyí tí a sì tọ́jú sínú ìda, ooru mú un rọ, eku jẹ lára rẹ̀.

Ẹ bá wa bẹ àwọn dókítà àti ìjọba: kí àyẹ̀wò ẹran yìí di ọ̀fẹ́, kí yàrá tí à ń kó o sí tutù. Kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ wọ ara aláìsàn sórí fọ́ọ̀mù. Púpọ̀ nínú fọ́ọ̀mù tó dé ọwọ́ mi ni kò ní in, bẹ́ẹ̀ láìsí ọjọ́ yẹn, mo lè ka gbogbo hóró iyèré tó wà lórí gíláàsì, n kò ní mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ló pè wọ́n.

Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì yàrá àyẹ̀wò,
Ìbàdàn.