Ṣọ́ọ̀kì Tuntun Lórí Mọ́ntìn Tó Ti Kú

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Awakọ̀ ni mí ní Zuba, lẹ́bàá Abuja níbí. Sienna ni mo fi ń kérò lọ Lọ́kọ́ja, ìgbà mìíràn sì wà tí mo máa ń bá a dé Ìlọrin. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Owó tí mo ti run sídìí rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ṣọ́ọ̀kì gan-an ò sì jẹ̀bi.

Ẹsẹ̀ iwájú lọ́tùn-ún ló ń dún kó-kó-kó nígbàkigbà tí mo bá bọ́ sí gálọ́ọ̀pù. Mẹkáníìkì tí mò ń lò nígbà náà ò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó kó tó ní ṣọ́ọ̀kì ti kú. Mo lọ Apo, mo ra tòkunbọ̀ méjì tí mọ́ntìn, ohun róbótó tó so orí ṣọ́ọ̀kì iwájú mọ́ ara ọkọ̀, wà lórí wọn, mo rò pé mo jèrè. Kí n tó dé Kwali, ariwo ti padà. Mẹkáníìkì ní wọ́n ti rẹ́ mi jẹ, kí n lọ ra tuntun. Mo rà á. Ó tú mọ́ntìn orí tòkunbọ̀, ó gbé e sórí tuntun. Ariwo ò lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tuntun náà bẹ̀rẹ̀ sí í jo epo, táyà sì ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú nìkan.

Bàbá kan tó kọ́ṣẹ́ lórí Peugeot 504 ní Kàdúná, nígbà tí wọ́n ṣì ń to ọkọ̀ náà pọ̀ níbẹ̀, ló là mí lójú. Kò wá jáàkì. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jókòó sídìí sìtíárì, ó wá sọ fún mi ní Hausa pé, "Taɓa nan," ìyẹn ni pé kí n fọwọ́ kan ibẹ̀. Mo nawọ́ sókè táyà, mo fọwọ́ kan sípíríìnì. Ọmọ náà ń yí sìtíárì, sípíríìnì ò bá a yí. Ó ń le lọ́wọ́ mi bí okùn tí wọ́n ń lọ́, àfi gbọ̀n! tó ta padà, mo yára fa ọwọ́ mi yọ. Bàbá rẹ́rìn-ín títí. Bíárìn inú mọ́ntìn ti gan, rọ́bà rẹ̀ sì ti já kúrò lára irin.

Fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ mọ́ntìn: Rọ́bà inú rẹ̀ ló ń gba ìgbọ̀n kó má baà dé ọ̀dọ̀ èrò, bíárìn rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ṣọ́ọ̀kì bá táyà yí. Bí rọ́bà bá já, orí ṣọ́ọ̀kì á máa rìn síbí sọ́hùn-ún. Táyà á ti fò díẹ̀ kí ṣọ́ọ̀kì tó rí ohun tó máa tì í. Ìdúró táyà náà á yẹ̀, ẹ báà ṣe aláínmẹ́ntì lójoojúmọ́.

Ní ti epo tó ń jò, bàbá ní kí n fi ìka ra ọ̀pá dídán àárín ṣọ́ọ̀kì. Ojú eyín páláyà ni mo bá níbẹ̀! Ẹni tó dè é fi páláyà di ọ̀pá náà mú kó lè rí nọ́ọ̀tì fún. Egbò yẹn ló wá ń lọ sókè sódò nínú síìlì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí epo jò, bí ayùn.

Tèmi ṣì rọrùn. Aládùúgbò mi fi Hilux kó iṣu láti Zaki Biam, irin tó di ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn mú bá já. Wẹ́dà tó pè rí i pé ṣọ́ọ̀kì kan kọjú síwájú axle, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, èkejì kọjú sẹ́yìn. Ó rò pé àṣìṣe ni, ó jó méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí axle má baà máa ta nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra tàbí tó bá tẹ búrékì. Ó tún fi wọ́n dùbúlẹ̀ sínú, torí ibẹ̀ ló ti rí irin tó le. Ṣọ́ọ̀kì tó bá fì tó 30 dígíríì, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ló kù. Tó bá fì tó 45, ìdajì. Ìrìn rẹ̀ á dín, apá kan agbára rẹ̀ á sì máa ti ẹ̀gbẹ́ dípò òkè. Ní báyìí, bó bá kó iṣu tó ń gun òkè, ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa ta bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé e síta: ẹni tó bá fẹ́ ra ṣọ́ọ̀kì, kó kọ́kọ́ yẹ mọ́ntìn wò. Kó má sì jẹ́ kí mọ́ntìn orí tòkunbọ̀ tan òun bó ṣe tàn mí. Rọ́bà yẹn ti lè gbó tó ọkọ̀ tí wọ́n tú u lára rẹ̀.

Wẹ́dà náà ti gbà pé òun á tún un jó. Owó iṣẹ́ mìíràn ló ń bèèrè, aládùúgbò mi ní òun ò ní san kọ́bọ̀. Ẹjọ́ wọn ni mò ń dá lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Èmi ni,
Awakọ̀ Sienna kan,
Zuba, Abuja.