Lẹ́tà sí Àdùkẹ́: ohun tí Àlàájà sọ ní Freedom Park

Láfíàjì, Èkó.

Àdùkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Jọ̀ọ́, wá ibi jókòó sí kí o tó ka èyí tán.

Bọ̀dá mi ti Kánádà kó ìyàwó àtàwọn ọmọ wá. Ìgbà àkọ́kọ́ táwọn ọmọ yẹn máa tẹ ilẹ̀ Èkó nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, mo ní ká lọ sí Freedom Park ní Broad Street, mo sì ní kí Àlàájà, ìyá yín, bá wa lọ, torí wọ́n ti ń dá jókòó sílé jù látìgbà tí orúnkún ti ń dà wọ́n láàmú.

Ibi tá a máa ń sáré kọjá tá a bá ń ti iléèwé bọ̀, tí wàá di imú mú! Wá wò ó báyìí, igi ti ṣíji bo ilẹ̀, tọkọtaya ń ya fọ́tò. Bọ̀dá mi ń ṣàlàyé fáwọn ọmọ rẹ̀ pé ọgbà ẹ̀wọ̀n tí òyìnbó kọ́ ní 1882 ni, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́, ibẹ̀ náà ni Awólọ́wọ̀ wà kí wọ́n tó gbé e lọ sí Kàlàbá. Ọdún 2010, tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ náà ń jó lórí pèpéle táwọn olórin ti ń ṣeré. Bàbá rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn nìyẹn tẹ́lẹ̀. Wéré ló sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà.

Nígbà tá a dé ibi táwọn yàrá ẹ̀wọ̀n wà, Àlàájà dúró. Wọ́n ní, "Bàbá mi wà níbí."

Àdùkẹ́, bàbá àgbà tí fọ́tò wọn wà ní pálọ̀ yín, tí wọ́n dé fìlà abetí ajá! Ṣé o gbọ́ ọ rí? Àlàájà ní nígbà tí àwọn ṣì kéré, ìyá àwọn á bu ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ sínú abọ́ tánganran, wọ́n á jọ lọ dúró lẹ́nu géètì. Wọ́dà á gba abọ́, á dá a padà lófìfo. Lọ́jọ́ kan, abọ́ padà dé tòun toúnjẹ. Ìyá wọn ká ọwọ́ lórí, ó figbe ta, ó rò pé ọkọ òun ti kú. Àṣé ààwẹ̀ ni bàbá ń gbà.

Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi kan bàbá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àgbà ni, wọ́n sì ní ká ra ẹja yíyan. A jẹ ẹ́, ó dùn, ata rẹ̀ mú àwọn ọmọ Kánádà lómi lójú.

Ìyá Sìkírà ti bímọ, obìnrin ni. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìdúmọ̀tà ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn rèé. Àlàájà rántí àwọ̀ abọ́ yẹn, wọ́n rántí ibi tí ọ̀dà rẹ̀ ti hó. Ṣùgbọ́n nígbà tá à ń darí bọ̀ wálé, wọ́n pè mí lórúkọ àǹtí rẹ tó ti kú. A ò tíì kọjá Tinubu tí wọ́n fi bi mí níbi tá à ń lọ, mo dáhùn, wọ́n tún bi mí. Àbúrò rẹ ní àárẹ̀ ni. Èmi ò gbà. Mo ti ń rí i láti ìgbà Iléyá, mi ò kàn fẹ́ kó ọ lọ́kàn sókè ni.

Mo mọ wàhálà ìwé ìgbélùú rẹ. Tí wọ́n bá ti fún ọ, jọ̀ọ́, wá ní Kejìlá yìí, má sún un síwájú mọ́. Tí kò bá tíì jáde, máa pè wọ́n lórí fídíò, kí o sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn ju "ẹ ti jẹun?" lọ. Bi wọ́n léèrè abọ́ yẹn. Bi wọ́n léèrè bàbá. Ìwọ ọmọ wọn, wọ́n lè sọ ọ́ fún ọ. Èmi á máa fi fóònù mi gbà á sílẹ̀. Mo máa wà lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ìrun Àsárì. Pè wá.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́