Lẹ́tà sí àbúrò mi tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ nítorí ògì

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni? Ilé ńkọ́? Mo rí iṣẹ́ tí o rán sí mi. O ní ọ̀rọ̀ Sẹkitéríàtì ti sú ọ, pé o fẹ́ máa ṣe ògì gbígbẹ àti èlùbọ́ tí kò ní àbùlà, pé bí èmi tí mo kúrò ní báńkì bá lè máa ṣe irú tà jẹun, kí ló dé tí ìwọ kò ní lè ṣe tìrẹ. Mi ò fẹ́ dá ọ lóhùn lórí fóònù, torí ọ̀rọ̀ tó kan oúnjẹ ọmọ ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ bi ọ́ nìyí: ṣé iṣẹ́ ògì náà ti mọ́ ọ lọ́wọ́?

Kí n tó kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ ni mo ti ń lọ sí Ṣakí ní òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn ìyá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn kò bi mí léèrè ìwé tí mo kà. Wọ́n ń wò ó bóyá mo lè dúró ti iná. Wàá se èso irúgbá láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, nígbà mìíràn títí ilẹ̀ á tún fi mọ́, kí èèpo dúdú yẹn tó gbà láti rọ̀. Wàá rọra gún un nínú odó, tàbí kí o fi ẹsẹ̀ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́, kí èèpo bọ́ kí inú má fọ́. Wàá ṣan án lómi títí omi á fi mọ́, wàá tún un sè. Bó bá jẹ́ irú pẹ̀tẹ̀ lo fẹ́, kán-ún díẹ̀ á wọ omi ìsè kejì yìí. Irú wóró kò nílò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wàá sẹ́ ẹ, wàá kó o sínú igbá tàbí apẹ̀rẹ̀ tí a tẹ́ ewé sí, wàá sì fi àpò bò ó dáadáa. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, á gbóná fúnra rẹ̀, á máa yọ̀, òórùn rẹ̀ á sì jáde. Kòkòrò àìfojúrí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus subtilis ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó bù ú sí i. Ìyá kan á kàn ti ọwọ́ bọ abẹ́ àpò, á ní, “Ó ku díẹ̀,” a ó sì bò ó padà. Ọwọ́ yẹn ni mo lọ kọ́. Owó oṣù báńkì ló ń gbé mi lọ tó ń gbé mi bọ̀ ní gbogbo àsìkò tí mo ń kọ́ ọ.

Iṣẹ́ báńkì kò burú. Ó bọ́ mi, ó san owó ilé ìwé àwọn ọmọ, mi ò sì ní bú u láéláé. Ohun tó mú mi kúrò níbẹ̀ ni ohun tí mo rí lójú ọ̀nà Òkè-Ògùn: àpò èédú tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí igi irúgbá sì wà lára ohun tí wọ́n ń gé sun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni igi yẹn fi ń dàgbà kó tó so, kò sì wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni gbìn ín. Àwọn bàbá wa ro oko, wọ́n fi í sílẹ̀ ni. Ní Bódìjà, ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń ṣe òmíràn nínú irú tí à ń rà báyìí, torí ó tètè jinná, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Mi ò dá àwọn tó ń ṣe é lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí ẹni ra irú gidi ní iye tó yẹ ẹ́, èédú ni àgbẹ̀ tó ni igi máa rí èrè nínú rẹ̀. Gbogbo àpò èso tí mo bá rà lọ́wọ́ wọn jẹ́ ìdí kan tí igi kan ṣe máa wà lórí ìdúró. Ohun tó ń jí mi láàárọ̀ nìyẹn, àní lọ́jọ́ tí ọjà kò tà.

Ìwọ ńkọ́? Pé ọ̀gá rẹ ń yọ ọ́ lẹ́nu kò tó. Ọ̀gá mìíràn wà nínú òwò yìí: òòrùn. Ògì tí o fẹ́ máa sá, ta ni yóò bá ọ sá a nígbà tí òjò bá dé? Tí kò bá tètè gbẹ, á hu, o ò sì gbọ́dọ̀ tà á.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ ni èso irúgbá ń gbó, nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àsìkò yẹn la sì gbọ́dọ̀ ra èyí tí a ó lò di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Owó á wà nínú àpò èso, kò ní sí lọ́wọ́ rẹ. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo ọkọ̀ tí à ń rà ní iye tí kò tó ₦200 fún lítà kan kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Owó ọkọ̀ láti Ṣakí gbéra, àwọn oníbàárà kò sì fẹ́ gbọ́ àlàyé. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 gba ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún láyè láti gba ohun tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó tó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀, bó bá ti lo oṣù mẹ́rin láìríṣẹ́ mìíràn. Má ṣe ká owó yẹn mọ́ owó ìbẹ̀rẹ̀, torí kò ní tètè dé. Káàdì ìwòsàn tí ibi iṣẹ́ fún ọ náà á lọ. Àwọn èèyàn á máa pòwe fún ọ pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ni wọn ó ra àáké.

Mo bẹ̀ ọ́, èyí ni mo fẹ́ kí o gbọ́ jù. Lọ́jọ́ tí o bá ń kọ nǹkan sára ọ̀rá ògì rẹ, ẹnìkan á gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń wo àtọ̀gbẹ, pé ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ríru dànù. Ọjà á tà gan-an. Má kọ ọ́. NAFDAC ò fàyè gba irú ẹ̀, àmọ́ òfin kọ́ ni mo ń sọ. Ìyá arúgbó kan lè torí ọ̀rọ̀ rẹ ju oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Oúnjẹ ni à ń tà. Kọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kọ ọjọ́ tí o ṣe é àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán, kó tán síbẹ̀.

Màámi ò tíì fara mọ́ ọn tán pé ọmọ tó ń wọ kóòtù lọ sí Dùgbẹ̀ ló ń rùn fún irú. Mo gbọ́ wọn yé. Wọ́n ta aṣọ kí n tó kàwé, ìwọ náà sì mọ̀. Tìrẹ ń bọ̀ lọ́nà, kí o tètè lọ bá wọn sọ ọ́ fúnra rẹ kí wọ́n má gbọ́ ọ lẹ́nu ará àdúgbò.

Bó bá ṣì wù ọ́, wá bá mi lọ́jọ́ Jímọ̀ tí o bá kúrò níbi iṣẹ́. Mú àgbàdo tìrẹ dání, a ó rẹ ẹ́, wàá sì máa wá tọ́jú rẹ̀ títí a ó fi lọ̀ ọ́, tí a ó sẹ́ ẹ, tí a ó sì sá a. Lẹ́yìn náà wá ṣe òmíràn, kí òjò sì bá ọ nídìí rẹ̀. Títí di ìgbà náà, má tíì fún ọ̀gá rẹ ní lẹ́tà kankan.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.