Ẹ fo ọkọ̀ òfurufú tiwa káfíńtà

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ìtàn de Havilland, ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń ṣe ọkọ̀ òfurufú nígbà kan, tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá dùn ún kà, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Ẹ sọ bí Geoffrey de Havilland ṣe dá a sílẹ̀ ní 1920. Ẹ sọ ti Comet, ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì tó kọ́kọ́ gbé èrò ní 1952, àti bí méjì ṣe fọ́ lójú òfurufú ní 1954 torí pé àárẹ̀ ti mú páànù ara wọn. Mosquito, ọkọ̀ òfurufú ogun wọn, ńkọ́? Ẹ ò dárúkọ rẹ̀ rárá.

Káfíńtà ni mí ní Sábọ́n-Gàrí, Kánò níbí. Oníbàárà mi kan tó fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, níbi tí mo ti ń fá ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní igi ni wọ́n fi ṣe é. Mo ní kó yéé purọ́. Ó yọ fóònù, ó fi àwòrán hàn mí.

Igi ni lóòótọ́. Ogun Hitler ti gba gbogbo alágbẹ̀dẹ irin tán, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kan àga wà ńlẹ̀. Ní High Wycombe, ìlú àwọn oníṣẹ́ àga ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣọ́ọ̀bù tó ń kan àga lánàá ló wá ń kan ọkọ̀ ogun. Pákó birch pẹlẹbẹ méjì, igi balsa tó fúyẹ́ láàárín wọn, gọ́ọ̀mù ló so wọ́n pọ̀. Apá méjì ni ara rẹ̀, bí èèpo ẹ̀pà tí a là. Wọ́n á to wáyà sínú apá kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó pa á dé. Ẹ wo ọgbọ́n! Ta ló fẹ́ máa rá wọnú ihò lọ to wáyà? Ọdún 1940 ló kọ́kọ́ fò. 7,781 ni wọ́n ṣe lápapọ̀.

Ibi gọ́ọ̀mù ló dùn mọ́ mi jù. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ lò, wàrà ni wọ́n fi ṣe é, kò bá ọ̀rinrin rẹ́, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ náà dé Íńdíà, ní 1944, oríkèé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rántí ara mi. Ọdún tí mo dé Kánò, mo kan kọ́bọ́ọ̀dù fún màmá kan bí a ṣe ń kàn án l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ọyẹ́ fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ilẹ̀kùn rẹ̀ là gbàà lóru. Màmá rò pé olè ló wọlé. Mo dá owó padà.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé rèé: bàbá ọmọ iṣẹ́ mi kan fẹ́ wá mú un lọ, ó ní olódo ní í kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Mo mú ìwé ìròyìn yín, mo ń wá Mosquito kí n fi hàn án, mo wá a tì. Bí ẹ bá máa tún un ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwòrán sí i, kó tóbi. Ọmọ náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi títí di òpin oṣù.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Káfíńtà,
Sábọ́n-Gàrí, Kánò.