Lẹ́tà sí Àbúrò Mi tí Ojú Tì láti Dá Àwo Padà

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí o ti pè mí, tí ohùn rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde nítorí èébì tí o bì mọ́jú, ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi. Mo dúpẹ́ pé ara rẹ ti ń balẹ̀. Àìsàn náà nìkan kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí jù ni èyí tí o sọ kí a tó parí ọ̀rọ̀, pé nígbà tí o gé adìyẹ náà, àárín rẹ̀ tutù, ẹran rẹ̀ sì ń yọ̀ bí èyí tí iná kò tíì kàn, ṣùgbọ́n o jẹ ẹ́ nítorí pé ìwọ lo pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ àti ìyàwó rẹ̀ wá sí ilé oúnjẹ náà, o kò sì fẹ́ kí ohunkóhun ba àjọyọ̀ náà jẹ́. O jẹ ẹ́ tán, o sanwó, o tún fi owó ìdúpẹ́ lé e fún agbáwo, nígbà tí ó sì bi yín bóyá ẹ gbádùn oúnjẹ yín, ìwọ gan-an lo kọ́kọ́ dáhùn pé ó dùn.

N kò kọ ìwé yìí láti bá ọ wí, nítorí èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ ọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, síbẹ̀ a máa ń gbàgbé òwe náà nígbà tí a bá ti jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé. Ìwọ tí o máa ń dá bàtà padà fún ẹni tó tà á bí okùn rẹ̀ bá já lọ́jọ́ kejì, ìwọ náà lo gbé ẹran tí kò jinná mì. Mo ti rò ó títí, ohun tí mo sì rí ni pé a máa ń ṣe ní ilé oúnjẹ bí ẹni tó lọ kí ènìyàn nílé. Bí a bá jẹ́ àlejò nínú ilé ẹlòmíràn, tí ó fi tinútinú se oúnjẹ fún wa, ìwà ọmọlúàbí ni kí a yìn ín, kódà bí iyọ̀ bá pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni lọ́nà bẹ́ẹ̀. Òwò ni. Wọ́n ti sọ iye tí wọn yóò gbà àti ohun tí wọn yóò fún wa, àwa náà sì ti gbà láti san án. Ẹni tó bá sọ pé ohun tí òun rà kò pé kò tàbùkù ẹnikẹ́ni.

Kí o má baà rò pé mo ń sọ àsọdùn, jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú adìyẹ náà. Ní ọdún 2001, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà márùn-ún jáde lórí bí a ṣe ń dáàbò bo oúnjẹ, ara ohun tí wọ́n sì sọ níbẹ̀ ni pé kí àárín ẹran gbóná dé ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí oúnjẹ tí a sè tí a kò tíì jẹ wà ní ibi tó gbóná ju 60 lọ tàbí ibi tó tutù ju 5 lọ, kí a má sì fi oúnjẹ tó ti jinná sílẹ̀ lásán ju wákàtí méjì lọ. Láàárín 5 sí 60 yẹn ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i kíákíá. Àwọn alásè tó mọ iṣẹ́ wọn kì í fi ojú lásán díwọ̀n rẹ̀. Wọ́n ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń wọn ooru, èyí tí wọ́n máa ń gún bọ inú ẹran níbi tó ti nípọn jù, nítorí ara òde lè ti gbẹ, kí ó sì ti pọ́n dáadáa, kí inú rẹ̀ ṣì wà ní tútù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ gan-an nìyẹn. Ẹni tó gbé àwo náà wá kò lè mọ̀. Ìwọ tí o gé e nìkan ni ojú rẹ rí i, bí o kò bá sì sọ ọ́, kò sí ẹlòmíràn tí yóò sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìyókù adìyẹ tí wọ́n jọ yan lórí iná kan náà ń lọ sórí tábìlì àwọn ẹlòmíràn.

Oúnjẹ tó kàn tutù yàtọ̀ sí èyí, mo sì fẹ́ kí o mọ ìyàtọ̀ náà kí o má baà bínú ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ènìyàn mẹ́rin bá béèrè oríṣi oúnjẹ mẹ́rin, ọ̀kan lè jinná ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí òmíràn gba ogójì ìṣẹ́jú. Bí alásè kò bá ṣètò rẹ̀ dáadáa, èyí tó kọ́kọ́ jinná yóò dúró sórí pátákó títí àwọn yòókù yóò fi bá a, agbáwo tí yóò sì gbé e lè wà lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà mìíràn lásìkò náà. Bí irú àwo bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, kò sóhun tó burú bí wọ́n bá mú un padà lọ gbóná dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ oúnjẹ tó ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, má gbà kí wọ́n tún un gbóná fún ọ, nítorí àwọn kòkòrò kan wà tó jẹ́ pé, ká tilẹ̀ ní iná pa wọ́n, májèlé tí wọ́n ti tú sínú oúnjẹ kò ní bá wọn kú. Òmíràn ni kí o béèrè, nínú àwo mìíràn.

Mo sọ pé èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Èyí tó ń dun ọkàn mi jù lọ kì í ṣe èyí tí mo dákẹ́ sí, èyí tí mo pariwo lé lórí ni. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì jókòó fún wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú láìrí oúnjẹ, àwọn tó dé lẹ́yìn wa jẹ tiwọn, wọ́n sì lọ. Ní gbogbo àsìkò yẹn, n kò béèrè nǹkan kan. Mo ń wo aago, mo ń wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, inú mi ń ru. Nígbà tí ọmọbìnrin tó gba ohun tí a fẹ́ wá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo jágbe mọ́ ọn débi pé àwọn tó wà nídìí tábìlì mìíràn gbé ṣíbí sílẹ̀ tí wọ́n ń wò wá. Kò fèsì ju pé, “Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́,” lọ. Omi ti lé ròrò sí ojú rẹ̀.

Ọ̀gá wọn ló wá ṣàlàyé lẹ́yìn náà. Ọmọ náà ti kọ ohun tí a fẹ́ sílẹ̀, ó sì ti fi ìwé náà lé wọn lọ́wọ́ ní ilé ìdáná lásìkò, àmọ́ ó bọ́ sẹ́yìn àpótí kan, kò sì sẹ́ni tó rí i. Ènìyàn mẹ́ta ló yẹ kó máa gbé oúnjẹ lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lọ béèrè oúnjẹ wa, tí alásè lé e jáde pé kó jẹ́ kí òun ráyè. Mo padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì sọ fún mi pé ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. N kò tíì rí i títí di òní.

Àbúrò mi, ariwo tí mo pa lọ́jọ́ náà àti dídákẹ́ tí ìwọ dákẹ́, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bí mo bá ti gbé ọwọ́ sókè ní ogún ìṣẹ́jú, tí mo sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó bóyá wọ́n ti ń ṣe tiwa,” wọn ì bá ti wá ìwé náà rí, a ì bá ti jẹun, ọmọ ọlọ́mọ ì bá má sunkún. Nítorí pé mo dákẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì kéré ni mo fi jágbe nígbà tó tóbi.

Èyí kò sọ pé agbáwo kò lè jẹ̀bi. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí ẹ̀pà jẹ́ èèwọ̀ ara rẹ̀, tó sì béèrè kedere bóyá ẹ̀pà wà nínú ọbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé wá. Ọkùnrin tó ń dá a lóhùn kò yà sí ilé ìdáná rárá, ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ètè ọ̀rẹ́ mi ti wú, ó ń wá èémí. Ọpẹ́lọpẹ́ abẹ́rẹ́ tó máa ń gbé kiri nínú àpò rẹ̀, tí wọ́n sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà á: “N kò mọ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ béèrè.” Ẹni tó ń béèrè kì í ṣìnà, a sì mọ̀ ọ́n fún ara wa, ṣùgbọ́n agbáwo náà rò pé bí òun bá ní òun kò mọ̀, àbùkù ni. Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ ọ́ di òfin láti oṣù Kejìlá ọdún 2014 pé kí gbogbo ẹni tó ń ta oúnjẹ sọ bí èyíkéyìí nínú oríṣi 14 tó sábà máa ń kọ lu ara ènìyàn bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀pà sì wà lára wọn. Níbikíbi tí o bá wà, má ṣe gba ìdáhùn tó yára jù lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onílé oúnjẹ ní ẹ̀bi tiwọn. Ẹni tó ń bì, tó ń ṣu gbuuru nítorí kòkòrò norovirus, kò yẹ kó fọwọ́ kan oúnjẹ ẹnikẹ́ni títí yóò fi pé wákàtí 48 lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Ọ̀gá tó ń yọ owó ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́ nítorí àìsàn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe àìsàn náà wọ ilé ìdáná.

Nísinsìnyí tí o fẹ́ kọ̀wé sí ilé oúnjẹ náà, mo bẹ̀ ọ́, kọ ohun tí o rí, má kọ ohun tí o kàn rò. Gbogbo wa la máa ń di ẹ̀bi ru ibi tí a ti jẹun kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ sì ni májèlé kan lè múni láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, norovirus máa ń gba wákàtí 12 sí 48 kó tó fara hàn, Salmonella, kòkòrò tó máa ń wà nínú adìyẹ tí kò jinná, sì lè gba wákàtí mẹ́fà títí dé ọjọ́ mẹ́fà. Ó lè jẹ́ adìyẹ náà, ó sì lè jẹ́ ohun tí o jẹ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Àyẹ̀wò nìkan ló lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà, kọ gbogbo ohun tí o jẹ láti ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà sẹ́yìn sílẹ̀ kí o tó gbàgbé, kí o sì sọ fún wọn pé adìyẹ tí wọ́n gbé fún ọ kò jinná, ní ọjọ́ báyìí, ní aago báyìí. Ìyẹn dá ọ lójú, kò sì sí ẹni tó lè jà ọ́ níyàn lórí rẹ̀. Fi irú ìwé kan náà ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ìmọ́tótó ilé oúnjẹ, nítorí bí ẹlòmíràn bá ti fẹjọ́ sùn, tìrẹ ni yóò jẹ́ kí wọ́n gbéra. Nínú ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2015, ènìyàn 600 mílíọ̀nù ni oúnjẹ ń sọ di aláìsàn lọ́dọọdún, 420,000 nínú wọn sì ń kú. Púpọ̀ nínú wọn kì í sọ fún ẹnikẹ́ni, gẹ́gẹ́ bí ìwọ náà ti kọ́kọ́ fẹ́ ṣe.

O béèrè lọ́wọ́ mi lórí fóònù pé, “Ẹ̀gbọ́n, báwo ni ǹ bá ṣe sọ ọ́ lójú wọn?” Jẹ́jẹ́ ni. Bí o bá ti rí i, má jẹ ẹ́ dé ìdajì kí o tó sọ̀rọ̀. Pe agbáwo sún mọ́ ọ, jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí o wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó, adìyẹ yìí kò jinná láàárín. Ẹ bá mi gbé òmíràn wá.” Bí ó bá ń jiyàn, ní kó pe ọ̀gá rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́ pé wọ́n lè fi ohun búburú sí èyí tí wọn yóò gbé padà wá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ní irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Bí ojú tí wọ́n fi wò ọ́ kò bá fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀, san owó ohun tí o ti jẹ, kí ẹ sì dìde. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ kò ní rí ọ fín nítorí ìyẹn. Bí mo ti mọ̀ ọ́n, yóò wo àwo tirẹ̀ náà.

Máa mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, díẹ̀díẹ̀, léraléra. Bí ẹ̀jẹ̀ bá hàn nínú ìgbẹ́, bí ibà bá ga, bí ìtọ̀ rẹ bá dínkù, tàbí bí ìgbẹ́ gbuuru náà bá kọjá ọjọ́ mẹ́ta, má dúró dè mí kí o tó lọ rí dókítà.

Nígbà tí ara rẹ bá yá tán, a ó jọ lọ jẹun níbi tí ó bá wù ọ́. Ìwọ ni kí o gba ìwé oúnjẹ lọ́wọ́ wọn, ìwọ náà ni kí o bá wọn sọ gbogbo ohun tó bá yẹ ní sísọ. Èmi yóò jókòó tì ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ.